Ìlú Tó Sọ Òtútù Di Ọjà

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fi òrí pa ètè nítorí ọyẹ́ láàárọ̀ yìí, tí àwọn ọmọ sì ń sá fún omi ìwẹ̀. Ìlú kan wà tí òtútù tiwọn kì í lọ bọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ lọ lónìí. St. Moritz ni wọ́n ń pè é. Orílẹ̀-èdè Swítsálándì ló wà, ní àfonífojì Engadin, láàárín àwọn òkè ńlá tí a mọ̀ sí Alps. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,800 mítà, àwọn òkè tó yí i ká sì ń ga lọ títí dé orí Piz Bernina, tó ga ní 4,049 mítà. Àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ilé kò ju nǹkan bí 5,000 lọ.

Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ ìlú yìí rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ olówó ni wọ́n fi sọ ọ́ fún yín: àwọn ọba, àwọn òṣèré sinimá, àwọn tó ń fi bàálù ara wọn rìn. Òótọ́ ni, wọ́n ń lọ síbẹ̀. Òpópónà kan wà tí wọ́n ń pè ní Via Serlas, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù aago àti góòlù ti tò lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Dubai, kò sì sí ìdí tí èèyàn fi ní láti gun òkè kó tó rí i. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìlú yìí ni pé òtútù tí àwọn baba ńlá wọn ń sá fún ni àwọn ọmọ wọn gbé sílẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ, tí wọ́n sì sọ di ohun tí gbogbo ayé ń wá rà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń rìn lọ.

Ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ bá lọ. Láti Zürich, ẹ ó kọ́kọ́ dé Chur. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ pupa kékeré ti Rhaetian Railway. Wákàtí méjì ni láti Chur dé St. Moritz, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má sùn. Lẹ́yìn Thusis ni ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè. Yóò gba orí afárá Landwasser, afárá olókùúta tó ga ní 65 mítà. Afárá yìí tẹ̀ kọrọdọ bó ti ń lọ, ìpẹ̀kun rẹ̀ kò sì bọ́ sórí ilẹ̀ kankan. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta gàgàrà ló wọ̀ tààrà. Tí ẹ bá kọjá abúlé Bergün, òkè ti ga débi pé ọkọ̀ kò lè gùn ún ní tààrà mọ́, làwọn tó kọ́ ọ̀nà náà bá jẹ́ kí ojú irin máa yípo nínú ikùn òkè. Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà lápá ọ̀tún, ẹ ó tún rí i lápá òsì, ẹ ó tún bojú wolẹ̀ ẹ ó rí i, ó ti di kékeré. Ní 1903 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì wọ St. Moritz. Ní 2008, UNESCO fi òun àti ọ̀nà Bernina tó kọjá sí Ítálì sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé.

Àwọn ará Engadin máa ń sọ fún àlejò pé oṣù mẹ́sàn-án ni ìgbà òtútù níbẹ̀, pé oṣù mẹ́ta tó kù, òtútù ló ń mú. Ilẹ̀ náà kò lè bọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ láyé àtijọ́. Koríko wà fún màlúù, ọkà wà díẹ̀, ó tán. Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe ń di ẹrù wọn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ la òkè kọjá lọ sí Venice, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkàrà òyìnbó àti oríṣiríṣi ohun dídùn tà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì, títí ìjọba Venice fi lé wọn ní 1766. Wọ́n tún fọ́n ká lọ sí Berlin, lọ sí Rọ́ṣíà, lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá ti lè rí ààrò dá. Àwọn tó rí ṣe padà wálé wá kọ́lé. Ẹ ṣì lè rí àwọn ilé náà ní àwọn abúlé ibẹ̀ títí di òní, ògiri wọn nípọn, wọ́n sì ha àwòrán òdòdó àti ẹranko sí i lára. Àkàrà òyìnbó tí àlejò ń rà lọ sílé láti Engadin lónìí, walnut àti ṣúgà jíjó ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi walnut kì í hù ní òkè yẹn. Àwọn tó lọ sókèèrè ló mú un wálé.

Ohun kan ṣoṣo tó ń fa àlejò wá sí St. Moritz nígbà náà ni omi. Ìsun kan wà níbẹ̀ tí irin pọ̀ nínú omi rẹ̀, tó sì ń hó ṣìnkìnṣìnkìn lẹ́nu. Àwọn ìtì igi ńlá tí wọ́n fi ṣe ẹnu kànga rẹ̀ láyé àtijọ́ ṣì wà, àwọn onímọ̀ tó ka òrùka inú igi náà sì sọ pé ọdún 1411 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gé e. Oníṣègùn Paracelsus dé ibẹ̀ ní 1535, ó sì yin omi náà gidigidi. Ṣùgbọ́n ìgbà ooru nìkan ni àwọn èèyàn ń wá mu ún. Bí òjò dídì bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé àlejò á ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà mọ̀ kó tó wọ ìlú yìí. Ẹni tí ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Maurice ẹni mímọ́, ìtàn ìjọ Kristẹni sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá: ọ̀gá ọmọ ogun Róòmù ni, láti Thebes ní Íjíbítì, tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Nínú kàtídírà Magdeburg ní Jámánì, ère rẹ̀ kan wà tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 1240. Ojú aláwọ̀ dúdú ni ẹni tó gbẹ́ ẹ fún un, pẹ̀lú ẹ̀wù irin lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó wò ó tí yóò ṣiyè méjì. Ní St. Moritz, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àtijọ́ ṣì dúró. Ó ga ní 33 mítà, ó sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gidi nítorí ilẹ̀ tó ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé agogo nìkan ló kù.

Ó ti yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ọkùnrin tó yí ọ̀rọ̀ padà. Johannes Badrutt ni orúkọ rẹ̀, òun ló ni hòtẹ́ẹ̀lì Kulm. Ìtàn tí ìlú náà ń sọ nípa ara rẹ̀ ni pé nígbà tí ìgbà ooru 1864 ń lọ sópin, Badrutt jókòó ti àwọn àlejò Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tí wọ́n ń múra àtilọ sílé. Ó ní kí wọ́n padà wá nígbà Kérésìmesì, pé oòrùn ibẹ̀ nígbà òtútù ń ta débi pé èèyàn lè jókòó síta láìwọ kóòtù. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé bí òtútù Lọ́ńdọ̀nù bá rí báyìí, ti orí òkè á ti burú jáì. Badrutt bá bá wọn ta tẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá wá tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, òun yóò san owó ọkọ̀ wọn ní àlọ àti àbọ̀. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n dúró títí tó bá wù wọ́n, òun kò ní gba kọ́bọ̀. Wọ́n wá. Sílẹ́ẹ̀jì ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi la òkè Julier kọjá, wọ́n fi awọ onírun bo ara, wọ́n sì fi òógùn dé ọ̀dọ̀ Badrutt lábẹ́ oòrùn. Ìgbà Àjíǹde ni wọ́n tó padà sílé.

Ẹnu lè ti tún ìtàn yìí ṣe bó ti ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Badrutt sọ nípa oòrùn, òótọ́ ni. Àfonífojì náà ga ju ibi tí kùrukùru ìsàlẹ̀ ń dé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ojú ọ̀run sì máa ń mọ́ rekete fún ọjọ́ púpọ̀ léraléra. Òtútù gbígbẹ pẹ̀lú oòrùn kò dà bí òtútù olómi tó ń wọ egungun. Èyí ni ará ìlú ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ láìmọ̀ pé ó ṣeé tà. Mo gbóríyìn fún Badrutt nítorí pé ó dá ohun tí ó ní lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè fi owó ara rẹ̀ lé e. Òun yìí kan náà ló lọ wo iná mànàmáná níbi ìpàtẹ ńlá ti Paris ní 1878, tó sì mú un wá sí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí ọdún 1879 tó parí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú iná bẹ́ẹ̀ tàn ní Swítsálándì nìyẹn, lórí òkè tí ẹṣin nìkan ń dé. Ní Davos, tí kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀, àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni òtútù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá láti 1865. St. Moritz yan eré.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá kò wá jókòó. Wọ́n mú sílẹ́ẹ̀jì tí àwọn ará abúlé fi ń kó ẹrù, wọ́n gorí rẹ̀, wọ́n ń já sísàlẹ̀ láàárín ìlú, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di dandan kí wọ́n wá ibi tiwọn fún wọn. Ní ìgbà òtútù 1884 sí 1885, àlejò àti onílé pawọ́ pọ̀ ṣe ọ̀nà yìnyín kan láti ẹ̀bá ilé agogo tó fì yẹn sọ̀kalẹ̀ lọ sí abúlé Cresta. Cresta Run ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ó gùn ju 1,200 mítà lọ díẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún á dojú bolẹ̀ lórí sílẹ́ẹ̀jì irin, orí ló ṣáájú, àgbọ̀n rẹ̀ ò ju ìwọ̀n ìka mélòó kan lọ sí yìnyín, eré rẹ̀ sì lè tó 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí bíréèkì. Eyín irin tí wọ́n dè mọ́ imú bàtà ló fi ń dín eré kù. Igun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Shuttlecock, tó ń ju ẹni tó bá sá eré àsápajúdé síta sínú òjò dídì àti koríko gbígbẹ. Láti inú eré yìí ni èyí tí Òlíńpíìkì ń pè ní skeleton ti jáde.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan so sílẹ́ẹ̀jì méjì pọ̀ mọ́ pákó kan, kí èèyàn mélòó kan lè jọ jókòó. Bí bobsleigh ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ bobsleigh àkọ́kọ́ lágbàáyé, St. Moritz ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1897. Ní 1904 ni wọ́n parí ọ̀nà tirẹ̀, láti St. Moritz dé abúlé Celerina, 1,722 mítà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀nà yìí, nítorí òun gan-an ló fà mí wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí. Níbi gbogbo mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje bobsleigh ńlá lóde òní, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ amúǹkan-tutù sábẹ́ rẹ̀. Ti St. Moritz kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Òjò dídì àti omi ni yìnyín rẹ̀, òtútù ojú ọ̀run ló ń mú un le. Nígbà ooru, ẹ lè rìn kọjá níbẹ̀ kí ẹ má fura. Koríko ni, igi ni. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ, àwọn òṣìṣẹ́ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á dé. Láti Naturns ní gúúsù Tyrol, ní Ítálì, ni wọ́n ti ń wá, iṣẹ́ náà sì ti di ti ìlú wọn, ọ̀dọ́ ń kọ́ ọ lọ́wọ́ àgbà. Wọ́n á po òjò dídì mọ́ omi títí á fi di ẹrẹ̀ funfun. Wọ́n á fi ṣọ́bìrì gbé e sára ògiri, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí òtútù òru mú un, wọ́n á tún gbé òmíràn lé e lórí. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn bàbá wa ṣe ń mọ ilé alámọ̀, tí ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, yóò mọ iṣẹ́ yìí lójú ẹsẹ̀.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbà wọ́n. Igun tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Horse Shoe, níbi tí ọ̀nà ti yí padà pátápátá sí ibi tó ti ń bọ̀. Ògiri yìnyín rẹ̀ ga, ó sì tẹ̀ wá sókè orí ẹni. Bí wọ́n bá ṣi ìtẹ̀ yẹn mọ, ọkọ̀ tí èèyàn mẹ́rin wà nínú rẹ̀ lè dojú dé. Kò sì sí ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tó ju ojú àti ìrírí lọ. Nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀nà ti ọdún yìí kì í bá ti èṣí dọ́gba gẹ́lẹ́. Gbogbo awakọ̀ ló ní láti tún un kọ́ lọ́dọọdún, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti gba góòlù. Tí oṣù kẹta bá dé, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, á di omi, á wọlẹ̀. Oṣù kọkànlá, àwọn ará Naturns á tún dé.

Àlejò tó bá lówó tó, tó sì láyà, lè jókòó sáàárín awakọ̀ àti ẹni tó ń fa bíréèkì. Ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀ ni wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gùn ún, kó kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ Horse Shoe ní àárọ̀ kan. Ẹ ó gbọ́ ọkọ̀ náà kí ẹ tó rí i, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ bàtà yín.

Mo ti ń bọ̀ sórí àwọn ọmọ wa. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ní PyeongChang ní Kòríà Gúúsù, Nàìjíríà wọ Òlíńpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́. Eré méjì ni wọ́n bá wọlé, bobsleigh àti skeleton, àwọn méjèèjì tí a bí ní St. Moritz. Seun Adigun ló wa bobsleigh, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ni akẹgbẹ́ rẹ̀. Adigun ti sáré fífo igi 100 mítà fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù 2012. Nígbà tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ bobsleigh sílẹ̀, Houston ní Texas ló wà, níbi tí òjò dídì ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ó ra pákó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ onígi nínú gáréèjì, ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ń tì sáré lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí wọ́n tó fojú kan yìnyín. Ẹ ò rí i pé bí ará Naturns ṣe ń fi ọwọ́ mọ ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Adigun ṣe fi ọwọ́ kan ọkọ̀. Simidele Adeagbo ló gun skeleton. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gùn ún ní Òlíńpíìkì, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Wọn kò gba àmì ẹ̀yẹ. Inú mi dùn sí wọn bí ẹni pé wọ́n gbà á, torí pé wọ́n wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè wọ́n.

Ọdún 2018 yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ tó ni Cresta Run dìbò pé kí àwọn obìnrin padà wá gùn ún. Láti 1929 ni wọ́n ti dá wọn dúró. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn obìnrin ń gùn ún, wọ́n sì ń bá ọkùnrin díje níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló wá sọ pé ó léwu fún ara obìnrin. Ó tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún kí ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn tó gbé e mì. Ó pẹ́ jù.

St. Moritz ti gbàlejò Òlíńpíìkì ìgbà òtútù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1928 àti 1948. Ti 1928, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan tí wọ́n ń pè ní föhn fẹ́ dé láàárín eré, yìnyín yọ́, wọ́n sì fagi lé ìdíje 10,000 mítà ti àwọn tó ń fi bàtà yìnyín sáré. Ti 1948, ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kò sì sí ìlú púpọ̀ tí ogun kò fọwọ́ kàn tó lè gbàlejò. Wọn kò pe Jámánì àti Jàpáánù. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì yìí ni wọ́n gun skeleton ní Cresta. Lẹ́yìn náà, eré náà kúrò ní Òlíńpíìkì títí di 2002.

Nínú oṣù kejì, ẹ lè bá wọn lórí adágún omi. Nígbà yẹn, adágún tó wà nísàlẹ̀ ìlú ti dì débi pé ẹṣin ń sáré lórí rẹ̀. Láti 1907 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ẹṣin tí wọ́n ń pè ní White Turf níbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta léraléra. Èyí tó ń mú àwọn èèyàn dìde lórí ìjókòó ni ti ẹṣin tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó wọ síkì ló di okùn rẹ̀ mú, ẹṣin ń fà á, òjò dídì tí pátákò ń họ sẹ́yìn ń bà á lójú.

Ẹ ó ti rí i pé mo ti sọ̀rọ̀ jìnnà kí n tó kan síkì gan-an. Nínú ìtàn ìlú náà, ẹ̀yìn ni síkì dé. Ilé ẹ̀kọ́ síkì àkọ́kọ́ ní Swítsálándì, ibẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1929. Ọkọ̀ òkè ń gbé èèyàn láti àárín ìlú lọ sí Corviglia, òmíràn sì ń gbé wọn dé Piz Nair, tó ga ju 3,000 mítà lọ. Ẹni tí kò wọ síkì rí kò ní ohun tó fẹ́ ṣe lórí Piz Nair ju kó wo òkè kó sì sọ̀kalẹ̀ padà. Ẹ gba olùkọ́. Ẹ má gbà kí ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa mú yín lọ sórí òkè gíga lọ́jọ́ kìíní; sùúrù olùkọ́ àti ti ọ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ yín ni bí a ṣe ń dúró: imú síkì méjèèjì á súnmọ́ra, ìdí wọn á ya síta, eré á sì kù. Àwọn ọmọ kékeré máa ń mọ̀ ọ́n kíákíá. Àgbà á kọ́kọ́ ní ìrora itan.

Aṣọ tó bá ara yín mu, kó má jẹ́ ti òwú, nítorí òwú ń mu òógùn, òógùn yẹn ló sì ń di òtútù síni lára. Ẹ wọ onírun àgùntàn sínú, ẹ wọ èyí tó nípọn lé e, ẹ wá fi èyí tí omi kò lè wọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Ẹ dé akoto. Ẹ wọ awò dúdú, kí ẹ sì fi ìpara oòrùn pa ojú, àwa aláwọ̀ dúdú náà. Oòrùn òkè le, òjò dídì sì ń dá a padà sí ojú ẹni láti ìsàlẹ̀. Òrí tí ẹ fi pa ètè láàárọ̀ yìí, ẹ mú un dání. Ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ sì rọra rìn lọ́jọ́ kìíní, torí afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè.

Ìlú náà wọ́n, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ilé àlejò àwọn ọ̀dọ́ wà ní St. Moritz Bad, àwọn abúlé bíi Samedan sì rọjú jù ú lọ, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló so wọ́n pọ̀. Ìgbafẹ́ tó wù mí jù níbẹ̀ kò sì jẹ́ ti olówó rárá. Láàárín abúlé Preda àti Bergün, lábẹ́ àwọn afárá ojú irin yẹn, wọ́n máa ń ti ọ̀nà mọ́tò pa nígbà òtútù, wọ́n á sì sọ ọ́ di ọ̀nà sílẹ́ẹ̀jì tó gùn tó kìlómítà mẹ́fà. Ẹ ó yá sílẹ́ẹ̀jì, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè, ẹ ó jókòó lé e, ẹ ó sì máa yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ láàárín igi, ìyá, bàbá, ọmọ, gbogbo yín.

Ohun kan ń bà mí nínú jẹ́ nípa ibẹ̀. Lórí ọ̀nà Bernina, ibùdókọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Morteratsch. Òkìtì yìnyín ńlá kan ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì yẹn. Láyé àwọn tó kọ́ ojú irin, ẹnu yìnyín náà kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, ó ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà méjì àbọ̀ lọ. Wọ́n ri àwọn pátákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n kọ ọdún sí i, kí ẹ lè mọ ibi tí yìnyín dé ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó máa kọjá lára ọdún wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí òkúta gbígbẹ, fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó rí yìnyín. Àwọn òkè Alps ń gbóná yára ju bí gbogbo ayé lápapọ̀ ti ń gbóná lọ. Ẹ̀rọ lè da òjò dídì sórí ọ̀nà síkì, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ará Naturns, òru tó tutù tó ló ń parí rẹ̀, òru bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ mọ. Bí àwọn òru yẹn bá ń dín kù, ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn kò ní ibi tí wọ́n máa lò ó sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá lè lọ pé kó má sún un síwájú.

Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ wa láti Ìlú Ọba, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ máa ń kó ọmọ lọ kọ́ síkì ní Alps. Bí ìwé tó sọ nípa irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má yára kọ̀ ọ́ pé eré òyìnbó ni. Ẹ bèèrè iye owó, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n lè máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó máa kọ́ wọn, ẹ bèèrè akoto àti ìbánigbófò. Tí èyí bá ti wà létòlétò, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Kí ó tó lọ, ẹ wá fídíò Simidele Adeagbo àti ti Seun Adigun lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un, ẹ jẹ́ kó wò ó, ẹ sì pe orúkọ wọn sí i létí dáadáa.